Àwọn Ife Tí A Tò Sórí Yanrìn

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, ni Bẹ̀nẹ̀dì ọmọ mi máa ń pè mí lórí fóònù láti ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe Faransé ti àwọn òyìnbó gan-an o. Kodifuá ni mò ń wí, ilẹ̀ tí Faransé ti jọba lé rí, ní ìlú etí òkun tí a bí i sí, tó sì ti di ìlú rẹ̀. Á bèèrè ẹsẹ̀ mi, èmi náà á bèèrè àwọn ọmọ. Láti ìgbà tí Tèrésà ìyá rẹ̀ ti kú, nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá, ó máa ń pẹ́ lórí fóònù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn wá gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Láìpẹ́ yìí ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní tíṣà ọmọ òun fẹ́ mọ bí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ Àdúgbò Anagó, àdúgbò àwa Yorùbá níbẹ̀, dó ti pọ̀ tó. Wọ́n mọ iye àwọn òyìnbó Faransé tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí etí òkun náà láyé àtijọ́, nítorí àwọn yẹn ka ara wọn. Tiwa ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin mélòó ni?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó ná. Ohun tí mo rò nìyí, mo kọ ọ́ bí ọwọ́ mi ti mọ. Ìwé méjì péré ni mo kà ní ilé ìwé àwọn Fadá l'Ọ́wọ̀ kí bàbá mi tó mú mi padà sóko, nítorí náà kí ẹni tó bá ń kà á ṣe sùúrù fún mi.

Upenmen, ìletò kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni ilé mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò tíì dé, àwa ọmọkùnrin bàbá mi sì ti pọ̀ ju oko kòkó rẹ̀ lọ. Bí a bá ń ro oko, ọkọ́ mi máa ń kan ọkọ́ Adégòkè ẹ̀gbọ́n mi. A ó wo ara wa, a ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ ohun tí ọkọ́ ń sọ. Lọ́dún náà ni Bàbá Sámúẹ́lì, ará Ìdóàní tó ń la pákó ní Kodifuá, wá sílé wá sin ìyá rẹ̀. Nígbà tó ń padà, mo tẹ̀ lé e. Bí a ṣe rìn ín kò ṣe pàtàkì. Ọ̀nà kì í pẹ́ lọ́kàn ènìyàn, ibi tó sọ ẹrù kalẹ̀ sí ló ń pẹ́.

Ibi tí mo sọ ẹrù kalẹ̀ sí, yanrìn ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ mo mú ọkọ́ tí mo gbé láti ilé, mo tẹ̀ ẹ́ bọ ilẹ̀ lẹ́yìn àgọ́ Bàbá Sámúẹ́lì. Yanrìn. Mo sún síwájú. Yanrìn náà ni. Mo rìn títí mo fi dé ìdí àgbọn tó kẹ́yìn, mi ò rí ilẹ̀ dúdú tó kún àtẹ́lẹwọ́. Àgbẹ̀ ni mí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ẹni tí kò létí sọ̀rọ̀. Òkun náà tún wà níbẹ̀ tó ń bú tọ̀sán tòru. Odò Ògbèsè ni omi tó tóbi jù tí mo ti rí, òun kì í sì í pariwo àfi bí òjò bá rọ̀. Mo bi Bàbá Sámúẹ́lì ìgbà tí òkun yìí máa ń dákẹ́. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, pé bí òun bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n òun á pè mí.

Iyán ò sí. Gbágùúdá tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì fi ooru sè ni wọ́n ń jẹ, àtíkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ó máa ń tú ká lẹ́nu bí ìyẹ̀pẹ̀. Láàárọ̀, búrẹ́dì gígùn tó dà bí ọmọ odó. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò ti wà ní ilẹ̀ yẹn ṣáájú wa, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bí èmi bá la ẹnu, ẹ̀rín ni. Wọ́n ní àwa ará Ọ̀wọ̀ ń fi ọ̀nà ọ̀fun sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eegun ẹja há sí. Nílé, ará Upenmen ni mo jẹ́, ará Ọ̀wọ̀ sì máa ń fojú ará oko wò mí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àti èmi, àti Ọ̀wọ̀, àti Ìdóàní, àti Ẹ̀jìgbò, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sọ gbogbo wa: Anagó. Mo lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí èmi àti ọmọ Ọ̀wọ̀ tó di ọ̀kan náà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí mò ń wí ni Múnírù télọ̀. Ilé wọn kò jìnnà sí ọjà ọba, mùsùlùmí ni wọ́n, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀. Ará oko ló ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti pàdé títí ó fi kú, èmi náà ò sì fi ọmọ ìgboro jì í. Òun ló fi mí mọ ẹni tó fún mi níṣẹ́.

Ẹni náà ni Fadá àgbà kan, Faransé, tó ti pẹ́ ní Àjàṣẹ́ kó tó wá síbẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ láti imú. Iṣẹ́ tó fún mi ni pé kí n máa tọ́jú itẹ́ òkú àtijọ́ tí àwọn Faransé àkọ́kọ́ sin ara wọn sí. Yanrìn ti bo ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti ń jẹ àwọn àgbélébùú onírin. Èmi ni n óò wú wọn jáde, n óò fi yanrìn fọ ìpẹtà kúrò, n óò sì kun wọ́n ní ọ̀dà. Múnírù rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ó ní mo kúrò nílé nítorí ilẹ̀, wọ́n sì ti fún mi ní oko tí kì í hù.

Mo máa ń pe orúkọ tó wà lára àgbélébùú lẹ́tà-lẹ́tà, Fadá á sì bá mi pè é tán. Piẹ́ẹ̀rì. Lúwí. Omíràn, ọmọdé ni, orúkọ rẹ̀ ti jẹ tán, ó ku lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí mo bá wọlé láàárọ̀, nítorí kò bójú mu kí ènìyàn máa wọ ilé onílé láìkí wọn.

Ní ọjọ́ kan mo bi Fadá bí wọ́n ti pọ̀ tó nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Èmi rò pé ogun ńlá ni, pé ọkọ̀ bo òkun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò pọ̀, wọn ò tó àwọn tó ń wá sí Máàsì òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìyẹn ti máa ń rí. Ọgbà igi kan ni wọ́n kọ́ sórí yanrìn, wọ́n sì há mọ́ inú rẹ̀. Bí ibà bá mú ẹni tó ń sè, ebi á pa gbogbo wọn. Ó ní ìgbà kan wà tí àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wà lókè.

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Mo wo àwọn ilé alájà ńláńlá tí wọ́n ti kọ́ sí ìlú náà, ilé ìfowópamọ́, ilé adájọ́. Ṣé bí a ṣe pọ̀ mọ yìí ni àwọn wọ̀nyí náà ti bẹ̀rẹ̀? Bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọn ò kún agbo ilé bàbá mi. Mo bi Fadá ohun tó jẹ́ kí wọ́n má run. Ó ronú. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti ń padà sí ilé wọn, wọ́n á rán an sọ iye àwọn tó wà láàyè, iye àwọn tó ń ṣàìsàn, iye àwọn tó ti kú. Àwọn ará ilé á sì mọ ohun tí wọn óò fi ránṣẹ́.

"Ọmọ mi," ni Fadá wí, "ẹni tí a kò kà, a kì í bu oúnjẹ tirẹ̀."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ mí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Tèrésà dé. Ọmọ Ẹmùré-Ilé ni, a ti ṣe ìdána kí n tó lọ. Bàbá Sámúẹ́lì bá wa kọ́ àgọ́ pákó kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn Anagó míràn náà ń dé, wọ́n ń kọ́ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ṣí i, kò sí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Tèrésà mú odó wá láti ilé. Mi ò mọ bó ṣe gbé e. Kò sí iṣu tí a lè gún nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bí ènìyàn bá rí i á mọ̀ pé ilé ni ibí.

Kò sí fóònù nígbà yẹn. Ẹnu ni a máa ń rán. Bí oníṣòwò kan bá ń lọ sílé, a ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, a ó máa kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, á máa wí i tẹ̀ lé wa bí ọmọ katikísímù. Ìyá mi kò rán ju ọ̀rọ̀ kan lọ sí mi láti ọdún dé ọdún: ṣé mò ń jẹ iyán? Mo máa ń ní kí wọ́n sọ fún un pé mò ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń lọ á wo odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á ní òun á kúkú sọ pé òun fojú ara òun rí odó, ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ibẹ̀ ni a bí Bọ́sẹ̀ àkọ́bí wa sí. Ọjọ́ Ìsinmi ló wáyé, òkun ń bú, kò sì bẹ̀rù òkun rí láyé rẹ̀. Nígbà tó tó mu omi fúnra rẹ̀, Múnírù ra ife tánganran kékeré kan fún un, aláwọ̀ búlúù, ó ní ọmọ ará oko kò gbọdọ̀ máa fi igbá mumi ní ìlú òyìnbó. Bọ́sẹ̀ ò jẹ́ fi ife míràn mumi mọ́. Ó máa ń gbé e káàkiri àdúgbò, ó máa ń kan ilẹ̀kùn ènìyàn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, á mu ún, á lọ sí ilé kejì. Bàbá Sámúẹ́lì ní bí ọmọ yìí bá dàgbà yóò gba owó orí lọ́wọ́ wa.

Omi kànga ni a ń mu. Ẹ gbẹ́ yanrìn díẹ̀, omi á sun. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dára. Ṣùgbọ́n bí àgọ́ ṣe ń pọ̀ tí ilé ìyàgbẹ́ náà ń pọ̀, omi náà yí padà. Ó ń rùn díẹ̀ bí ẹyin.

Àkókò yẹn ni Kọmándà ìlú, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ní kí wọ́n ka ènìyàn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kuàsí ló wá sọ fún wa. Ọmọ ilẹ̀ náà ni Kuàsí, ògbufọ̀ Kọmándà, ìyàwó rẹ̀ ló ń ta àtíkẹ́ fún wa. Ó ní ẹ̀rọ omi ni wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀, pé àdúgbò tí ènìyàn bá pọ̀ sí ni wọn óò fún. Ó ní kí olúkúlùkù jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ìjọba wo ló ń ka ènìyàn nítorí kí ó lè fún un lómi? Nílé, bí wọ́n bá ti ka ènìyàn, owó orí ni. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló wúwo jù. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ẹ bá bi bàbá mi bí ọmọ rẹ̀ ti pọ̀ tó, á ní wọ́n wà níbẹ̀, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó mú un le jù lára wa ni Bàbá Sámúẹ́lì, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a lẹ́bi. Nígbà tó wà ní Ìdóàní, ilé rẹ̀ kún fún ọmọ. Àlejò kan wọlé, ó na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n, ó ní ẹni yìí mà là o. Kí ọdún tó yí, ilẹ̀ gbígbóná ti gbé wọn lọ. Sámúẹ́lì tí wọ́n ń fi pè é gan-an wà lára wọn. Nítorí náà ló ṣe wá sí Kodifuá tó ń la pákó. Ó ní igi kì í kú léraléra.

Ọjọ́ tí wọ́n wá kà wá, itẹ́ òkú ni mo wà. Nígbà tí mo padà dé, mo bá gbogbo àdúgbò tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Bàbá Sámúẹ́lì ti kó àwọn ọmọdé sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí, ó ń mu tábà. Wọ́n ní Múnírù gbé ọmọ tirẹ̀ pamọ́ sínú ìdì aṣọ. Nígbà tí Kọmándà dé ibi ọkọ̀, ẹnì kan sín lábẹ́ rẹ̀. Kọmándà dúró. Bàbá Sámúẹ́lì bá sín tẹ̀ lé e, ó sín léraléra títí Kọmándà fi lọ. Bọ́sẹ̀ ló sín. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lórí wọn, ó jáde pẹ̀lú ife rẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tèrésà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin ti pọ̀ jù tí wọn kì í pọnmi.

Wọ́n fún àdúgbò àwọn apẹja ní ẹ̀rọ omi, wọ́n fún àdúgbò àwọn Hausa. Tiwa, Kuàsí ní Kọmándà sọ pé a ò tó nǹkan, pé àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí wọn ò ní pẹ́ lọ sílé wọn ni a jẹ́. A wo ara wa. Ohun tí a fẹ́ kí ó rò nìyẹn, ó sì rò ó.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le. Kànga wálẹ̀. Inú rírun bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé, àwọn ọmọdé ló ń mú jù. Bọ́sẹ̀ wà lára àwọn tó dá dùbúlẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń na ife rẹ̀ sí wa, omi tí a sì ń bù fún un, omi kànga náà ni. Tèrésà gbọ̀nà àdúgbò àwọn apẹja lọ pọn omi ẹ̀rọ. Wọ́n jẹ́ kó pọn, wọn ò kà á léèwọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Fadá ṣe ìsìn. Kuàsí bá wa gbé e. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra mi nítorí iṣẹ́ mi ni, ní ẹ̀gbẹ́ ọmọdé Faransé yẹn tí ó ku lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Fadá ló sọ pé kí n sin ín síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kí a padà sílé. Tèrésà ní òun ò lọ. Ó ní ta ni yóò máa wú yanrìn kúrò lórí ọmọ òun? Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí Fadá bá mi sọ fún un, ti ẹni tí a kò kà tí a kì í bu oúnjẹ tirẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó ń fọ ife búlúù náà, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́.

Fadá bá wa bẹ Kọmándà títí ó fi gbà láti tún wá. Kuàsí mú ìròyìn wá, a sì pé jọ sábẹ́ àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ Bàbá Sámúẹ́lì. Bàbá Sámúẹ́lì ní ojú òun kọ́ ni wọn óò ti ka ọmọ ènìyàn. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà yòókù mi orí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Tèrésà bá dìde ní ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, n kò ní kí wọ́n ka ènìyàn. Ife ni kí wọ́n kà."

Bàbá Sámúẹ́lì bi í pé ife báwo.

Ó ní nígbà tí a bá ń ṣe ìsìnkú nílé, tí a ń bu oúnjẹ, ṣé obìnrin tó wà nídìí ìkòkò máa ń ka orí àlejò ni? Abọ́ ló ń kà. Iye abọ́ tó bá wà nílẹ̀ ni oúnjẹ tí yóò bù, kò sì sí ẹni tó ti ibẹ̀ kú rí. Omi ni Kọmándà fẹ́ bù. Kí olúkúlùkù gbé ife tó fi ń mumi síta, àtàgbà àtọmọdé. Kí ènìyàn wà nínú ilé bí ó bá fẹ́.

Múnírù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ka ife Bàbá Sámúẹ́lì ní ẹyọ kan, nítorí ife yẹn tó odindi ìdílé mu. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá Sámúẹ́lì láìròtẹ́lẹ̀.

"Ọmọ Ẹmùré," ló wí, "ọgbọ́n lo fẹ́ fi gbé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó wo ilẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ife kì í ṣe ènìyàn. Ó wọlé lọ gbé tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Kọmándà ń bọ̀, a to ife sórí yanrìn láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ àkọ́kọ́ títí dé etí omi. Ife tánganran wà níbẹ̀, agolo mílíìkì tí alágbẹ̀dẹ ti jó ìdìmú mọ́, àdému, ìlàjì èso àgbọn tí wọ́n ti fọ́ tí wọ́n fá inú rẹ̀. Àwọn ìyá dúró lẹ́yìn ife ọmọ wọn, àwọn ọmọ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbé láàárín wọn, mo mọ orúkọ gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sẹ́nu àwọn agolo, wọ́n ń dún hùn-ún, hùn-ún.

Kọmándà dé pẹ̀lú Kuàsí. Ó wo ìlà náà, ó bọ́ fìlà. Kuàsí ṣàlàyé fún un, ó gbọ́, ó ní kí Kuàsí máa kà. Kuàsí mú ọ̀pá, ó ń fi í kan ife lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, tèmi wà nílẹ̀, ti Tèrésà wà nílẹ̀. Tèrésà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ife búlúù jáde láti abẹ́ ìró, ó gbé e sáàárín méjèèjì. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

Kuàsí fi ọ̀pá kan tèmi. Ọ̀pá rẹ̀ dúró lókè ife búlúù. Òun ló bá wa gbé ọmọ náà, ó mọ ife náà, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sí ilẹ̀kùn tí kò kàn ní àdúgbò yẹn. Kọmándà bi Kuàsí ní èdè wọn ohun tó dá a dúró. Bàbá Sámúẹ́lì ni Kuàsí ń wò, nítorí òun ni àgbà wa.

Bàbá Sámúẹ́lì kúrò lẹ́yìn ife tirẹ̀, ó rìn wá. Ó dúró ti Tèrésà. Ẹni tí kò ka nǹkan rí, tí kì í ka pákó tó là pàápàá.

"Kà á," ló wí. "Ibí ló ń gbé."

Kuàsí fi ọ̀pá kan ife náà, ó kà á, ó lọ sí èyí tó kàn.

Wọ́n ri ẹ̀rọ omi mọ́lẹ̀ fún wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde, Múnírù fi agbádá tuntun tó ń rán fún oníbàárà nu ojú, kò mọ̀. Àwọn obìnrin ń ti ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn, inú wọn dùn. Tèrésà ò bá wọn dù ú. Ó dúró títí ó fi kàn án, ó bu omi sínú ife búlúù, ó gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Èmi tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn. Ó da omi náà sórí yanrìn, omi wọlẹ̀. Nígbà tí a ń padà, ó ní àwọn ará Faransé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn náà, ṣé wọ́n rí omi mu? Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó bu omi wá fún ọmọdé Faransé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́sẹ̀ náà.

Láti ìgbà yẹn ni àdúgbò wa ti di àdúgbò. Bẹ̀nẹ̀dì dé lẹ́yìn náà, omi ẹ̀rọ ló fi dàgbà. Èmi náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti wá, mo máa ń sọ Upenmen kí wọ́n tó bèèrè tán. Lẹ́yìn tí mo ti ní ilẹ̀ tí mò ń wú yanrìn kúrò lórí rẹ̀, mo máa ń ronú kí n tó dáhùn. Kì í ṣe ọdún tí ènìyàn lò ló ń sọ ọ́ di ará ìlú. Ẹni tó ní níbẹ̀ tí kò lè bá a padà ni.

A padà sílé nígbà tí irun wa ti funfun. Bẹ̀nẹ̀dì dúró, ó ní òun á máa tọ́jú ibẹ̀. Tèrésà ò lè gbé ilẹ̀ náà, ó gbé ife búlúù. Orí pákó kan ní yàrá wa ní Upenmen ló wà láti ìgbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tirẹ̀. Ní ọjọ́ tó kú, omi ló bèèrè. Mo bù ú fún un, ó mu díẹ̀, ó ní ó tó.

Bẹ̀nẹ̀dì pè lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Mo sọ fún un pé mo ti ro ọ̀rọ̀ tíṣà. Mo ní mi ò ní sọ iye, ṣùgbọ́n bí ó bá ní àyè n óò pe orúkọ. Ó ní òun ní àyè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àgọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe to ife: Bàbá Sámúẹ́lì ará Ìdóàní. Múnírù télọ̀, Sàláátù ìyàwó rẹ̀, Láìdé ọmọ wọn tí wọ́n gbé pamọ́ sínú ìdì aṣọ. Mo ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, mi ò fo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé ilé tiwa mo pe ara mi, mo pe Bọ́sẹ̀, mo sì pe ìyá rẹ̀.

Ó wá ní, "Bàbá, níbo ni kí n ka Ìyá sí? Ọ̀dọ̀ yín ni a sin wọ́n sí."

Mo wo orí pákó. Mo ní kó má kà á sí ibì kankan ná, kó dúró dè mí.

Ọmọ Láìdé, tó ń ṣòwò aṣọ láàárín ibí àti ibẹ̀, ń padà sí Kodifuá lọ́la. Mo ti fi aṣọ wé ife Tèrésà, ife funfun tí ẹnu rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, mo sì ti sọ fún un ibi tí yóò gbé e sí, lórí yanrìn níbi tí Bọ́sẹ̀ wà. Ti Bọ́sẹ̀, búlúù yẹn, dúró sọ́dọ̀ mi níbí. Òwúrọ̀ yìí ni mo bu omi sínú rẹ̀, tí mo gbé e lọ sí ibojì ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ka ènìyàn, kí wọ́n máa bọ̀. Ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní sọ pé a kò sí níbẹ̀.